4Runner 3.0 (1990–1995): ṣé táyà ńlá ló yẹ kó ṣáájú, àbí ẹ́ńjìnnì 3.4?

Àkàndé_ÒkèÒgùn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. 4Runner 1993 ni ọkọ̀ náà, V6 3.0 (3VZ-E), gíà mánúà, 4WD. Táyà 225/75R15 ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kó ẹrù oko láti ẹ̀yìn Ìsẹ́yìn bọ́ sí títì, kó sì tún dé Ìbàdàn lọ́jọ́ kan náà. Omi radíétọ̀ ń dín láì jò sílẹ̀, ó sì ń rú èéfín funfun láàárọ̀. Mẹkáníìkì kan ní ká pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì, èkejì ní ká yọ 3.0 dànù, ká wọ 3.4 tó wà nínú 4Runner 1996 sókè. Táyà 33 (gíga rẹ̀ ní ínǹṣì) sì wù mí. Èwo ló yẹ kó ṣáájú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi nọ́ńbà sọ ọ́, kí n lè mọ ohun tí mo máa bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ẹ́ńjìnnì.

Ọ̀gá_Díìfù

Àkàndé, kó o tó ná kọ́bọ̀, lọ mọ iye díìfù rẹ ná (iye ìgbà tí propeller, irin gígùn tó ń gbé agbára láti gíà dé díìfù, máa yí kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan). Èyí tí Toyota fi sí irú ọkọ̀ yìí kò ju mẹ́rin lọ: 4.10 (eyín 41 lórí kíráùn, ìyẹn gíà ńlá inú díìfù, 10 lórí píníọ̀nù, gíà kékeré), 4.30 (43 sí 10), 4.56 (41 sí 9) àti 4.88 (39 sí 8).

Bó o ṣe máa mọ̀ ọ́n láì tú nǹkan kan nìyí. Fi gíà sí nútírà, di táyà iwájú méjèèjì dáadáa, tú bíréèkì ọwọ́, fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ṣoṣo kí èkejì wà nílẹ̀. Fi ẹfun sàmì sára táyà tó wà lókè, kó o sì sàmì sára propeller. Yí táyà yẹn lẹ́ẹ̀mejì gbáko, kí ẹnì kan wà lábẹ́ tí á máa ka yíyí propeller. Mẹ́rin àti díẹ̀, 4.10 ni. Mẹ́rin àtààbọ̀, 4.56. Tó bá kù díẹ̀ kó pé márùn-ún, 4.88. A ní lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ẹsẹ̀ kejì dúró sójú kan, ìdajì yíyí èyí tó wà lókè nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ kíráùn.

Ìṣirò tó kàn: km/h, lọ́nà iye díìfù, lọ́nà iye gíà, lọ́nà 209, kó o wá fi gíga táyà ní ínǹṣì pín in. Gíga 225/75R15 jẹ́ 28.3. Gíà karùn-ún R150F tó wà lẹ́yìn V6 mánúà jẹ́ 0.838. Ká ní 4.10 ni díìfù rẹ, ní 100 km/h ẹ́ńjìnnì ń yí bí 2,540 ní ìṣẹ́jú kan. Wọ táyà 31, ó di 2,320. Wọ 33, ó di 2,180. Àwọn kan á ní epo ló máa dín. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀ tó ru ẹrù. 3.0 ò lágbára tó ń fà láti ìsàlẹ̀, gbogbo òkè tó o bá bá pàdé lo máa fi gíà bọ̀ wá sí ẹ̀kẹrin tàbí ẹ̀kẹta, o máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, epo á sì lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. 3VZ-E ń fà ní 244 Nm, 5VZ-FE (ìyẹn 3.4) ń fà ní 294 Nm. Ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ló fi jù ú lọ. Táyà 33 lórí 4.10 sì ń gba ìdá mẹ́rìnlá padà nínú agbára tó ń dé ilẹ̀. Tó o bá ṣe méjèèjì pọ̀ láì fọwọ́ kan díìfù, ohun tó kù ọ́ lọ́wọ́ fi ìdá mẹ́ta àti díẹ̀ péré ju ti òní lọ. Gbogbo owó ẹ́ńjìnnì ti wọ inú táyà lọ nìyẹn.

Nítorí náà, orí ìwé ni kó o ti kọ́kọ́ yan táyà, kó o yan díìfù tó bá a mu, kó o wá yan ẹ́ńjìnnì. Táyà gan-an ni kó o rà kẹ́yìn. 31 pẹ̀lú 4.56 á gbé ọ padà sí bíi 2,580 ní 100 km/h. 33 pẹ̀lú 4.88, 2,590. Tèmi ni 31 àti 4.56 fún iṣẹ́ tó o sọ yìí. 33 ń béèrè ohun mìíràn lọ́wọ́ ẹsẹ̀ iwájú, ẹlòmíì á sọ ìyẹn.

Ará_Houston

Ẹ kú ìnáwó. Ọ̀gá_Díìfù ti sọ̀rọ̀ táyà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń kó wá láti ọ̀dọ̀ wa níbí.

5VZ-FE wà nínú 4Runner 1996 sí 2002, Tacoma 1995 sí 2004, T100 1995 sí 1998, àti Tundra V6 2000 sí 2004. Ti 4Runner ló pọ̀ jù ní Ládìípọ̀. Ẹ wá èyí tó jáde kí kọ́kọ́rọ́ onísípù (tó ní chip nínú) tó dé. Tó bá jẹ́ onísípù, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ àti àpótí immobilizer rẹ̀ (tó ń dá kọ́kọ́rọ́ mọ̀) mọ́ brain box (kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì), bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á kàn máa yí láì gbiná.

Ohun tó gbọ́dọ̀ bá ẹ́ńjìnnì wá: brain box, gbogbo wáyà rẹ̀ láì gé, àwọn coil mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àpótí fílítà afẹ́fẹ́ pẹ̀lú MAF (sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́) lára rẹ̀, okùn sílọ́tù (ti ìtẹ̀ epo), oxygen sensor pẹ̀lú pọ́lọ́ọ̀gì wọn, pọ́ǹpù sítíárì, kọ̀mpírésọ̀ AC, àlùtánétọ̀, síná (mọ́tò tó ń yí ẹ́ńjìnnì kó lè gbiná), àti páìpù sàlẹ́ńsà tó gba ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì kọjá láti apá kan sí èkejì. Ẹni tó ń ta ẹ́ńjìnnì nìkan, tó ní brain box wà níbòmíì, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Láàrin ọdún sí ọdún, pọ́lọ́ọ̀gì inú brain box ń yí padà, owó tí ẹ máa fi wá èyí tó bá a mu á ju ẹ̀dínwó tó ṣe fún yín lọ.

Ibi tí wọ́n máa ń gé wáyà náà ṣe pàtàkì. Brain box wà lẹ́yìn àpótí ìwé lápá ọ̀tún inú ọkọ̀. Ẹni tó ń yọ ẹ́ńjìnnì lọ́jà sábà máa ń fi ọ̀bẹ gé e níbi ògiri iwájú, nítorí kó má bàa tú dashboard. Wáyà tó lé ní ọgọ́ta ni rìwáyà máa tún so níyẹn. Ẹ ní kí wọ́n fa gbogbo rẹ̀ gba inú ihò ògiri jáde.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó: ṣí ìdérí ọ́ìlì, tó bá funfun bíi ògì lábẹ́ rẹ̀, omi ti wọlé. Yọ plug mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, fi bátìrì fún síná ní iná tààrà kó yí i, kí ẹ fi géèjì wọn compression. Tó bá lọ sókè 145 psi, tí ìyàtọ̀ láàrin sílíńdà ò sì ju 15 psi lọ, ó dára. Tó bá kọjá 174, ẹ yára sanwó.

Kó tó wọ inú ọkọ̀, nígbà tó ṣì wà lórí ilẹ̀ níwájú yín: timing belt tuntun, pọ́ǹpù omi, sílì ẹ̀yìn kíráńkì, sílì ìdérí fáálù. Toyota ní kí wọ́n pààrọ̀ belt yẹn ní 144,000 km, kò sì sẹ́ni tó mọ iye tí èyí ti rìn.

Bàbá_3VZ

Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ má tíì lé 3.0 jáde nílé. Èéfín funfun àti omi tó ń dín kì í ṣe ìdájọ́ ikú.

3VZ-E ní àrùn kan tí gbogbo wa mọ̀: páìpù sàlẹ́ńsà láti apá òsì gba ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì kọjá sí ọ̀tún, ooru rẹ̀ sì ń jẹ ẹ̀yìn orí ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀yìn yẹn, lẹ́bàá sílíńdà kẹfà, ni gásíkẹ́ẹ̀tì ti máa ń kọ́kọ́ lọ, ibẹ̀ náà ni fáálù sàlẹ́ńsà ti máa ń jó. Ẹ yọ plug mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kí ẹ tò wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Èyí tó mọ́ tónítóní bí ẹni fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, inú sílíńdà yẹn lomi ń wọ̀. Ẹ fi pọ́ǹpù tẹ radíétọ̀ sí 13 psi ní alẹ́, ẹ wò ó láàárọ̀.

Tó bá jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì nìkan, ẹ gbé orí méjèèjì lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fá a, kì í ṣe ẹyọ kan. Tó bá wọ́ ju 0.10 mm lọ, kí wọ́n fá a. Ẹ fi irin títọ́ wo ojú bulọ́ọ̀kù náà pẹ̀lú, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ò kì í wò, tí gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun fi ń lọ láàrin oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn àlàfo fáálù nígbà tó tutù: ti afẹ́fẹ́ 0.18 sí 0.28 mm, ti sàlẹ́ńsà 0.22 sí 0.32 mm. Ẹ́ńjìnnì yìí kì í pariwo tí àlàfo bá ti há. Ó kàn ń dákẹ́ jó fáálù ni. Ẹni tó bá sọ pé kò sí ariwo fáálù, nítorí náà kò sí ìṣòro, kò mọ 3VZ-E.

Owó èyí kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta owó 3.4 tí wọ́n bá ka rìwáyà, wẹ́dà àti propeller mọ́ ọn. Pẹ̀lú 31 àti 4.56, á ṣe iṣẹ́ oko.

Ọ̀gá_Díìfù

Bàbá, ẹ kú ìmọ̀ràn. Òótọ́ lẹ sọ tí bulọ́ọ̀kù bá tọ́. Ṣùgbọ́n tó bá ti gbóná lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta lórí eré Ìbàdàn, mi ò ní fi owó gásíkẹ́ẹ̀tì olówó iyebíye lé e. Kí Àkàndé wọn bulọ́ọ̀kù ná. Ìyẹn ló máa pinnu.

Àkàndé_ÒkèÒgùn

Ẹ ṣé, ẹ̀yin àgbà. Mo ka díìfù: mẹ́rin àti díẹ̀. 4.10 ni. Ìbéèrè méjì tó kù: àwọn ẹ́ńjìnnì 3.4 tí mo rí, gíà ọ́tò ló wà lẹ́yìn gbogbo wọn. Ṣé kí n kúkú wọ ọ́tò náà? Àti pé ẹnì kan ní kí n gbé dísẹ́ẹ̀lì 1KZ-TE, pé bẹntiróòlù ti wọ́n jù láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ lóṣù karùn-ún 2023.

Wẹ́dà_Àpáta

Jẹ́ kí mánúà rẹ wà níbẹ̀, àbúrò. Bóòtù ìdí 3.0 àti 3.4 bára mu, R150F tó wà nínú ọkọ̀ rẹ á kọjú sí 3.4 láì ṣe adapter kankan. Bẹ́ẹ̀ náà ni apá tó ń gbé ẹ́ńjìnnì jókòó lórí engine seat: yọ ti 3.0, dè é mọ́ 3.4, á bọ́ sójú ihò rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí gbogbo ayé fẹ́ràn ìpààrọ̀ yìí ju V8 lọ nìyẹn.

Ohun tó yẹ kó o ṣọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti ọ́tò wá: flexplate (àwo tín-ínrín ti gíà ọ́tò) ló wà lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú àwọn spacer. Yọ gbogbo rẹ̀. Fi flywheel sí i, pẹ̀lú bóòtù flywheel, kì í ṣe bóòtù flexplate; gígùn wọn ò dọ́gba. Wo ihò tó wà láàrin ẹ̀yìn kíráńkì. Ẹ́ńjìnnì ọ́tò kì í ní pilot bearing níbẹ̀. Tó o bá gbàgbé rẹ̀, imú ṣáàfùtì gíà ò ní rí ibi jókòó, kílọ́ọ̀ṣì ò ní tú dáadáa, gíà kìíní á máa ké, o ó sì tún sọ gíà kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Fá ojú flywheel, ra díìsìkì, pressure plate àti release bearing tuntun lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ́tò: 4Runner 3.0 ọ́tò ní A340H, transfer rẹ̀ (àpótí tó ń pín agbára sí iwájú àti ẹ̀yìn) ń fi agbára ọ́ìlì ṣiṣẹ́, òun àti gíà wà nínú ara wọn. 3.4 wá pẹ̀lú A340F, transfer rẹ̀ dá dúró. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan. Tó o bá máa wọ A340F, o máa sún irin tó gbé gíà, o máa gé propeller iwájú àti ẹ̀yìn, o máa la ihò tuntun sí ilẹ̀ ọkọ̀ fún ọ̀pá transfer. Ìwọ tó ti ní mánúà, kí lo ń wá lọ síbẹ̀?

Síbẹ̀, ibi mẹ́ta ni 3.4 ti máa ń kanra nínú ara ọkọ̀ yìí. Àkọ́kọ́ ni páìpù sàlẹ́ńsà ẹ̀yìn, tó máa ń kan etí ògiri iwájú níbi tí páńẹ́ẹ̀lì méjì ti pàdé. Etí yẹn ni kó o fi òòlù tẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ò tíì wọlé. Kó àlàfo tó ínǹṣì kan, nítorí ẹ́ńjìnnì ń mì tó bá ń fa ẹrù. Má gé e. Omi òjò á máa wọ inú ọkọ̀.

Ìkejì ni sump (àwo ọ́ìlì abẹ́ ẹ́ńjìnnì). Gbé ti 3.0 àti ti 3.4 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nílẹ̀, kó o wo ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jìn. Díìfù iwájú àti ọ̀pá sítíárì ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Tí ti 3.4 bá máa kàn wọ́n, ti 3.0 ni kó o lò, pẹ̀lú páìpù tó ń fa ọ́ìlì tiẹ̀. Má fi páìpù ẹ̀yà kan sínú sump ẹ̀yà kejì láì wọ̀n ọ́n. Mọ amọ̀ tútù díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ sump, gbé e dè, yọ ọ́, kó o wọn amọ̀ tó kù lábẹ́ ẹnu páìpù. Tó bá sún mọ́lẹ̀ jù, kò ní rí ọ́ìlì fà. Tó bá jìnnà sókè jù, orí òkè nìkan lo máa mọ̀ ọ́n: iná ọ́ìlì á tàn bí ọkọ̀ bá ti tẹ̀ sẹ́yìn, ó sì ti pẹ́ jù fún bearing nígbà yẹn.

Ìkẹta, páìpù radíétọ̀. Ẹnu omi 3.4 kò sí ibi tí ti 3.0 wà gan-an. Mú rọ́bà púpọ̀ lọ dán wò lọ́jà dípò kó o máa tẹ rọ́bà gígùn kan títí á fi ṣẹ́po. Tí radíétọ̀ bá ti pẹ́, pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tuntun lórí radíétọ̀ tó ti di ìdajì, owó nù ni.

Bàbá_3VZ

1KZ-TE ńkọ́? 3.0 dísẹ́ẹ̀lì onítọ́bò, ó ń fà dáadáa, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ máa ń sán tó bá gbóná. Ẹ̀yin tó ń sá fún orí 3.0 ẹ tún fẹ́ lọ fẹ́ orí mìíràn. Bóòtù ìdí rẹ̀ ò bá R150F V6 yìí mu, gíà tiẹ̀ ni ẹ máa rà. Dísẹ́ẹ̀lì náà kò sì pọ́ọ́kú mọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí.

Rìwáyà_Mushin

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi sí i, torí ibi wáyà ni ọkọ̀ mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ti ń di òkú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Wáyà 3.4 dá wà fúnra rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ máa so mọ́ ọkọ̀. Ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ ọkọ̀ kò pọ̀: iná tààrà láti bátìrì nípasẹ̀ fíúsì, iná láti kọ́kọ́rọ́, àmì síná, iná fún pọ́ǹpù epo nípasẹ̀ rílé tó wá pẹ̀lú rẹ̀, gíráùn, wáyà àlùtánétọ̀, àmì eré, àti iná check engine. Brain box 3.0 wà lápá ọ̀tún lẹ́sẹ̀ ẹni tó jókòó níwájú. Apá kan náà ni 3.4 fẹ́ kó wà, torí náà wáyà á dé ibẹ̀.

Àmì eré: ọkọ̀ yín ń fi okùn yí géèjì eré. Lẹ́yìn géèjì yẹn ni swítíìsì kékeré kan wà tó ń fi àmì ránṣẹ́ sí brain box 3.0. Wáyà yẹn náà ni kẹ́ ẹ gbé fún brain box 3.4. Tẹ́ ò bá so ó, á máa tan check engine, ẹ́ńjìnnì á sì máa fẹ́ kú tẹ́ ẹ bá tú sílọ́tù láti wọ ìdúró.

Géèjì RPM: ti V6 3.0 á ka 3.4 bó ṣe rí. Tó bá jẹ́ Hilux 22RE lẹ fẹ́ fi 3.4 sí, géèjì onísílíńdà mẹ́rin á máa pè é ní ìlọ́po kan àtààbọ̀: 3,000 á di 4,500. Ẹ pààrọ̀ dashboard sí ti V6.

Sẹ́ńsọ̀ ooru omi: méjì ló wà. Èyí tó ń bá brain box sọ̀rọ̀, ti 3.4 ni kó jẹ́. Èyí tó ń bá géèjì dashboard sọ̀rọ̀, ẹ yọ ti 3.0 kẹ́ ẹ dè é mọ́ 3.4. Tẹ́ ẹ bá fi ti 3.4 sílẹ̀, abẹ́rẹ́ lè dúró sí àárín nígbà tí omi ti ń hó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọ́ìlì.

Brain box ọ́tò lórí mánúà: á máa gbé kóòdù solenoid gíà jáde, irú P0753 àti P0758, torí kò rí gíà tó ń wá. Ẹ́ńjìnnì á ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n iná check engine á dúró bẹ́ẹ̀, ẹ ò sì ní mọ ìgbà tí kóòdù gidi bá dé àfi tẹ́ ẹ bá ń fi scanner wò ó. Ẹ so pọ́lọ́ọ̀gì OBD-II onípín 16 rẹ̀ (tí scanner ń wọ̀) síbi tọ́wọ́ ti lè tó o, ẹ má gé e dànù.

Gíráùn ni mo fi parí. Àwọn gíráùn brain box wà lẹ́yìn intake, ẹ fọ ibẹ̀ títí irin á fi dán. Ẹ tún fa wáyà ńlá láti bulọ́ọ̀kù sí bátìrì àti láti bulọ́ọ̀kù sí ara ọkọ̀. Kí ẹnì kan yí síná, kẹ́ ẹ fi mítà wọ́n àárín bulọ́ọ̀kù àti orí negative bátìrì. Tó bá ju 0.2 V lọ, gíráùn ò tó. Ibi gbogbo tẹ́ ẹ bá so, ẹ lo sódà àti rọ́bà tó ń fún tí iná bá kàn án. Wáyà tí wọ́n kàn fi ọwọ́ lọ́ tí wọ́n fi téèpù dì, ooru ẹ́ńjìnnì á tú u nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Fọkanáísà_Bodìjà

Mo dé sí ọ̀rọ̀ táyà. 31x10.50R15 wọ 4Runner yìí láì gbé e sókè, ilé iṣẹ́ gan-an ta àwọn kan pẹ̀lú rẹ̀. Rímù 15x7 ló dára. Tẹ́ ẹ bá wọ rímù tó ta síta púpọ̀ nítorí ẹwà, táyà á máa kan ẹ̀yìn ihò ẹsẹ̀ iwájú tẹ́ ẹ bá yí sítíárì dópin nígbà tẹ́ ẹ ń padà sẹ́yìn.

33x12.50 ń fẹ́ kí ọkọ̀ ga, kí wọ́n sì gé inú ihò ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ yìí dúró lórí torsion bar. Àwọn mẹkáníìkì á kàn yí bóòtù torsion bar títí imú á fi dìde, wọ́n á ní ó ti parí. Wọ́n á gbàgbé pé ṣáàfùtì iwájú ti tẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, rọ́bà CV (tó bo oríkèé ṣáàfùtì) á ya, gíríìsì á jáde, yanrìn á wọlé. Ẹ má gbé e ju ínǹṣì kan àtààbọ̀ lọ lọ́nà yìí. Idler arm sítíárì náà kò lágbára tó fún 33. Rọ́bà inú rẹ̀ á lọ, ọkọ̀ á máa rìn bí ọ̀mùtí.

Fún àwọn tó ṣì máa gbé e sókè: lórí ẹ̀yìn ọkọ̀ ni fáálù bíréèkì kan wà, LSPV, ọ̀pá kékeré so ó mọ́ ìdí ẹ̀yìn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mọ̀ bóyá ọkọ̀ ru ẹrù. Tẹ́ ẹ bá gbé ara ọkọ̀ sókè, á rò pé ọkọ̀ ṣófo, á dín bíréèkì ẹ̀yìn kù. Ẹ sún ọ̀pá yẹn sókè ní ìwọ̀n tẹ́ ẹ fi gbé ọkọ̀. Kò sí mẹ́ta nínú mẹ́wàá tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ọjọ́ orí táyà tòkunbọ̀: nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn DOT. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Ẹ wò ó lára táyà márààrún, ṣípéà pẹ̀lú, kí gíga wọn dọ́gba. Ní 4H (tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà) lórí ilẹ̀ líle, táyà tó ti jẹ níwájú pẹ̀lú èyí tó ṣì ga lẹ́yìn á máa fa ara wọn.

Afẹ́fẹ́: 31 tó wà lórí C (lẹ́tà tó ń sọ agbára ẹrù táyà) kò gbọ́dọ̀ ju 50 psi lọ. Ẹ má fún un tó bẹ́ẹ̀ lórí ọkọ̀ yìí, á kàn máa fò lórí kòtò. Ẹ fi ẹfun ya ilà láti etí kan táyà dé èkejì, ẹ wa ọkọ̀ tààrà lórí ọ̀dà fún bíi ọgọ́rùn-ún mítà, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Tí ẹfun bá lọ láàárín nìkan, afẹ́fẹ́ pọ̀ jù. Tó bá lọ léti méjèèjì tí àárín kù, ó kéré. Láìru ẹrù, á sábà jẹ́ 28 sí 32. Inú pòtòpótò, 18, kẹ́ ẹ tún fún un padà kẹ́ ẹ tó gun títì.

Géèjì eré ò ní sọ òótọ́ mọ́ lẹ́yìn èyí. Pẹ̀lú 31 lórí géèjì tí wọ́n ṣe fún 28.3, tó bá ka 100, bíi 109 lẹ ń sá. Pẹ̀lú 33, ó tó 116. Pààrọ̀ díìfù ò ní tún un ṣe, torí ẹnu transfer ni okùn ti ń mú un. Pẹ̀lú 4.56 àti 31, propeller ń yí bíi ti tẹ́lẹ̀ fún eré kan náà, àṣìṣe náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́.

Àkàndé_ÒkèÒgùn

Ọ̀gá mi, ẹ ní kò ní tún un ṣe, ẹ tún ní á fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́?

Ọ̀gá_Díìfù

Á tún un ṣe. Transfer ló ń yí okùn, transfer sì wà ṣáájú díìfù. Táyà ńlá dín yíyí propeller kù, díìfù 4.56 dá a padà. Nítorí náà tó o bá ṣe méjèèjì, géèjì rẹ á sún mọ́ òótọ́. Tó o bá ṣe táyà nìkan, á máa dín eré.

Nípa díìfù fúnra rẹ̀: ẹ̀yìn rọrùn, gbogbo ẹran inú rẹ̀ ń jáde lódindi láti iwájú. Ra èyí tó pé láti inú ọkọ̀ V6, kó o fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun gbé e wọlé. Iwájú ló nira. Ẹ̀yà 7.5 ínǹṣì ni, ara rẹ̀ pín sí méjì, kò sẹ́ni tó lè tò ó lórí ọkọ̀. Ra gbogbo díìfù iwájú tó ti jẹ́ 4.56 tẹ́lẹ̀, kó o sì kà á lọ́jà pẹ̀lú ọwọ́ kó o tó sanwó. Méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Iwájú 4.10 pẹ̀lú ẹ̀yìn 4.56, ọjọ́ tó o bá fi sí 4H, chain inú transfer lo fi ń ṣeré. Tí ẹnì kan bá ní òun á tún kíráùn àti píníọ̀nù tò fún ọ lẹ́yìn, ní kó fi dial gauge hàn ọ́: 0.13 sí 0.18 mm ni àlàfo láàrin eyín. Ẹni tí ò ní gauge, tó ń fi etí gbọ́ ọ, á fún ọ ní díìfù tó ń ké láti Ìsẹ́yìn dé Mọ́kọ́lá.

Èrè rẹ̀ lóko: gíà kìíní 3.83, low transfer 2.57, díìfù 4.10, gbogbo rẹ̀ jẹ́ bí 40 sí 1. Pẹ̀lú 4.56, ó di bí 45. Ìyàtọ̀ yẹn lo máa rí nígbà tó o bá ń sọ̀ kalẹ̀ níbi tó ń yọ̀, tó ò fẹ́ tẹ bíréèkì.

Ará_Houston

Ọ̀rọ̀ ìwé ò gbọ́dọ̀ gbé sílẹ̀. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà lórí ìwé ọkọ̀. Ẹ gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tuntun àti orúkọ ẹni tó tà á, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà náà lára bulọ́ọ̀kù kó tó wọlé, torí lẹ́yìn náà kò ní rọrùn láti rí. Ẹ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá fún ìwé ìpààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ wá lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ọkọ̀ ní ìpínlẹ̀ yín kí wọ́n yí nọ́ńbà padà. Ẹ ṣe é kí ọkọ̀ tó jáde sí títì.

Wẹ́dà_Àpáta

Tó o bá wá wọ 3.4 náà, Àkàndé, bó o ṣe máa kọ́kọ́ tan án: ọ́ìlì bíi lítà 5.2 pẹ̀lú fílítà tuntun tí wọ́n bá lo sump 3.4, tó bá jẹ́ ti 3.0, tẹ̀ lé dipstick àti ojú tó o ti fi wọ̀n ọ́n. Yọ fíúsì EFI, yí síná fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá títí iná ọ́ìlì á fi kú, kó o tó dá fíúsì padà. Kún omi pẹ̀lú heater ní gbígbóná, imú ọkọ̀ sókè lórí òkè díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Ọ́ìlì inú R150F, 75W-90 GL-4. GL-5 ayédèrú tí wọ́n ń tà nínú kéègì máa ń jẹ idẹ inú synchro. Kún un títí á fi máa kán síta lójú ihò tí wọ́n fi ń bù ú.

Tí wọ́n bá gé propeller kankan, sàmì sí ojú méjèèjì kí ọ̀bẹ tó kàn án, kí universal joint iwájú àti ẹ̀yìn lè padà kọjú síra wọn, kí wọ́n sì bálánsì rẹ̀. Lẹ́yìn 500 km, padà wá sí abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú sípánà 14: gbogbo bóòtù propeller, engine seat, páìpù sàlẹ́ńsà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Àkàndé_ÒkèÒgùn

Ẹ ṣeun gan-an. Àwọn tó máa yọ orí ẹ́ńjìnnì ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ojú bulọ́ọ̀kù ni màá kọ́kọ́ wọ̀n. Tó bá ti wọ́, 3.4 pẹ̀lú mánúà tí mo ní. Tí ò bá wọ́, Bàbá ló borí. Táyà 33 ti kúrò níbẹ̀.

Bàbá_3VZ

Fi irin títọ́ yẹn ya ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, kó o tún fi ya igun sí igun, ẹ̀ẹ̀mẹfà lójú kọ̀ọ̀kan. Àárín sílíńdà kẹrin sí ìkẹfà ni kó o ti fara balẹ̀ jù.